Aṣọ Irun Àgùntàn Tí Wọ́n Hun Fún Ẹrú, Àti Àwọn Àgbẹ̀ Tó Hun Ún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín tó ń sin àgùntàn fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Òyìnbó kan ló mú àgùntàn mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀rọ fá gbogbo irun ara rẹ̀ bí ẹni bó ọsàn, irun náà sì jáde lódindi bíi kúbùsù. Ìbéèrè tí arákùnrin wa bi mí ni pé, "Ọ̀gá, àwa náà ní àgùntàn. Kí ló dé tí a kì í fá tiwa tà? Àbí owó la kàn ń jù nù yìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó tọ́jú ẹ̀ di alẹ́.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé irun àgùntàn tiwa kò ṣe é ran, kò sì ṣe é hun. Àgùntàn kúkurú tí ẹ ń rí káàkiri Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, àti Yankasa, Uda pẹ̀lú Balami tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya, irun gbogbo wọn kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara, ó dà bíi ti ewúrẹ́. Irú irun bẹ́ẹ̀ ló bá ooru wa mu. Irun kíkì tó ká jọ, ẹrù lásán ló máa jẹ́ fún ẹran nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó tó fi sínú ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Àwọn àgbẹ̀ kan wà rí tí wọ́n fá irun àgùntàn, tí wọ́n ran án, tí wọ́n hun ún, tí wọ́n tà á fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Owó wà nínú òwò náà lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ẹni tí owó náà bọ́ sí, àti ara ẹni tí aṣọ náà dé.

Aṣọ náà nípọn, ó le, ó sì máa ń yúnni lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kíjìpá, aṣọ òwú tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń hun, tí èèyàn á wọ̀ lọ oko títí tí yóò fi fi sílẹ̀ fún ọmọ, ẹ fi kíjìpá sọ́kàn. Kí ẹ wá mú òwú kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi irun àgùntàn tó le rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í sábà pa á láró. Bó ṣe funfun lára ẹran náà ni wọ́n ṣe ń tà á. Ó ní ìwúlò tirẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Irun àgùntàn máa ń móoru bó tilẹ̀ tutù fún omi, èyí tí òwú kò lè ṣe. Àwọn tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń wọ irú aṣọ yìí nígbà òtútù.

Wales ni wọ́n ti ń hun ún, nítorí náà Welsh plains ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Bó bá ti gba orí òkun dé Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ á yí padà. Negro cloth ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn aṣọ adúláwọ̀. Wọn kò fi orúkọ ibi tí wọ́n ti hun ún pè é mọ́, orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀ ni wọ́n fún un. Nígbà tó yá, aṣọ líle láti ibòmíràn náà wọ abẹ́ orúkọ yẹn, màá débẹ̀.

Wales wà ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àárín rẹ̀, ní Montgomeryshire àti Merioneth, òkè ló pọ̀ jù. Òjò ń rọ̀ ṣáá, ilẹ̀ kò jìn lórí àpáta, ọkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa. Àgùntàn ló lè gbé e, àwọn àgùntàn kéékèèké kan tó lè fara da òtútù orí òkè. Irun tó wà lára ọ̀kan kì í sábà ju kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ lọ, ó sì le. Àwọn tó ń hun aṣọ fún olówó kì í fẹ́ irú irun bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni àgbẹ̀ máa ṣe? Ohun tí àgbẹ̀ níbi gbogbo ń ṣe náà ni, ó wá ọ̀nà sọ èyí tó ní di nǹkan. Nígbà òtútù tí iṣẹ́ oko bá dín kù, gbogbo ilé ló ń ṣiṣẹ́ irun. Àwọn ọmọdé á máa ya á, àwọn obìnrin á máa ran án, baálé á jókòó ti òfì. Bí aṣọ bá kúrò lórí òfì, ó ṣì fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá. Wọ́n á wá gbé e lọ sí ilé kan létí odò tí wọ́n ń pè ní pandy. Omi odò ló ń yí kẹ̀kẹ́ igi ńlá níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yẹn á máa gbé òòlù igi sókè, òòlù á máa já lu aṣọ nínú omi, gbì, gbì, bí ẹni gúnyán, títí aṣọ á fi sún kì tí ihò ara rẹ̀ á dí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á nà án mọ́ igi níta kó gbẹ. Títí dòní, ibi tó ń jẹ́ Pandy pọ̀ ní Wales, bí ibi tó ń jẹ́ Ìdí-Aró ṣe wà káàkiri lọ́dọ̀ wa.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ yìí kò ni ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Onílẹ̀ ń retí owó rẹ̀, aṣọ yìí sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń san án. Nítorí náà wọn kò lè sọ pé àwọn á gbé aṣọ pamọ́ títí ọjà á fi wọ́n. Ẹni tí kò lè dúró, ẹlòmíràn ló ń fi iye sí ọjà rẹ̀.

Ẹni tó ń fi iye sí i wà ní Shrewsbury, ìlú ọjà kan lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ẹnubodè Wales. Àwọn oníṣòwò aṣọ ìlú náà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Drapers, ẹgbẹ́ yìí ló sì di ọjà aṣọ Wales mú fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn ọdún 1600 àti 1700. Ilé ọjà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1596 ṣì wà láàárín ìlú yẹn. Ọkà ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀, àwọn Drapers ń ra aṣọ lókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó tòmátò lọ sí ọjà rí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bí gbogbo olùrà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ta lẹ fẹ́ lọ bá tí iye rẹ̀ máa yàtọ̀? Àgbẹ̀ tó ti di aṣọ lé ẹṣin sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kò ní gbé e padà sílé.

Nígbà tí àwọn ọdún 1700 ń parí lọ, àwọn aṣojú oníṣòwò láti Liverpool àti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ ra aṣọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra wọn, agbára ẹgbẹ́ Shrewsbury sì dín kù. Ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ ń lọ kò yí padà. Bó gba London, bó gba Bristol, bó gba Liverpool, inú ọkọ̀ òkun ló ń wọ̀, ó di erékùṣù West Indies, ó di Carolina. Kì í ṣe àṣírí pẹ̀lú. Àwọn tó kọ̀wé nípa Wales láyé ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹrú ni wọ́n ń fi aṣọ yìí wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ní àgbègbè tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ kan gbin ẹ̀gẹ́ fún olùrà kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n gbìn ín. Ọdún kìíní dáa, wọ́n sanwó. Ọdún kejì, ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò wá. Ẹ̀gẹ́ di igi sínú ilẹ̀. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ bi mí pé, "Ọmọ mi, àwọn tí à ń gbìn ín fún yìí, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe?" Mi ò mọ̀. Ojú tì mí gan-an ni. Látìgbà yẹn, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí ọjà parí sí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bá aṣọ wa lọ.

Ní South Carolina, ìrẹsì ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi là, lẹ́yìn náà ni ẹ̀lú, lẹ́yìn náà ni òwú. Inú omi ni iṣẹ́ ìrẹsì, òtútù sì ń mú níbẹ̀ láti November lọ. Ẹrú ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1735, àwọn aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin nípa ẹrú, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ aṣọ sínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹrú ń wọ aṣọ tó ju ipò wọn lọ. Wọ́n wá to àwọn aṣọ tí ẹrú lè wọ̀. Negro cloth ló ṣíwájú, lẹ́yìn náà duffels, kerseys, osnaburg àti àwọn aṣọ olówó pọ́ọ́kú bíi mélòó kan. Ohun tó bá dára ju ìyẹn lọ, èèwọ̀. Ọlọ́pàá tó bá rí i lára ẹrú lè gbà á, kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹrú ṣọ̀tẹ̀ ní Stono lọ́dún 1739, wọ́n tún òfin ẹrú kọ lọ́dún 1740, òfin aṣọ náà sì tún wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn aṣòfin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé láti òkèèrè, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ, kó ti mọ̀ pé ẹrú ni ọ́.

Aṣọ náà kì í tiẹ̀ pọ̀. Olóko kan wà tó ń jẹ́ James Henry Hammond, ó ṣe gómìnà South Carolina láàárín ọdún 1842 sí 1844. Ó kọ ìlànà oko rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni kọ ìwé ìṣirò. Nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba ẹ̀wù àwọ̀lékè àti ṣòkòtò onírun àgùntàn, pẹ̀lú ẹ̀wù òwú méjì. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á gba yáàdì 6 aṣọ irun àgùntàn, yáàdì 6 aṣọ òwú, abẹ́rẹ́ kan, òwú ìránṣọ, àti bọ́tìnnì mẹ́fà. Òun ló máa rán an fúnra rẹ̀, ìgbà tó bá ti oko dé ló sì máa rán an. Kúbùsù, ẹyọ kan láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta Ankara, ẹ mọ ohun tí yáàdì mẹ́fà jẹ́. Èyí tí à ń rà fún àríyá ọjọ́ kan náà ni, tí a ó sì tún máa bínú pé kò tó fún gèlè. Tiwọn, gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n máa fi lálàá já, nínú oko, lójúmọ́.

Bí ẹnìkan bá wá sá lọ, aṣọ yìí kan náà ló ń tú u fó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìkéde inú ìwé ìròyìn, bí wọ́n ṣe ń kéde ẹni tó sọnù láyé ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olówó ẹrú ń kéde ẹrú tó sá nínú South Carolina Gazette. Wọ́n á kọ orúkọ, gíga, ilà ojú, wọ́n á sì kọ pé ẹ̀wù Negro cloth funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn èèyàn náà kàn gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹrú tó ní àkókò díẹ̀ fún ara wọn dá oko ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń sin adìẹ, wọ́n ń ta ẹyin àti ẹ̀fọ́ ní ọjà Charleston. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ra aṣọ tí òfin ní kí wọ́n má wọ̀. Òfin wà, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìn àti ibi ayẹyẹ lọ́jọ́ Sunday. Àwọn tí kò lówó pa Negro cloth funfun yẹn láró. Wọ́n fi èèpo igi pa á, wọ́n fi ẹ̀lú pa á, kó má bàa rí bí òyìnbó ṣe fẹ́ kó rí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn èèyàn láti lọ gba ìtàn lẹ́nu àwọn arúgbó tó ti ṣe ẹrú rí, púpọ̀ nínú wọn ṣì rántí èèpo igi wo ló ń mú àwọ̀ wo jáde. Wọ́n ti dàgbà, ojú wọn ti ṣú, wọn kò gbàgbé aró. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé ọmọ Yorùbá wà nínú wọn? Ní South Carolina, wọn kò pọ̀. Apá Senegal àti Gambia, Sierra Leone, pẹ̀lú Congo àti Angola ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti wá. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun lọ́dún 1808, kí ogun tó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tó le. Nígbà tí ogun yẹn dé, tí Òwu tú, tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ jù, láti Èkó, láti Ouidah. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Cuba.

Aṣọ irun àgùntàn tó le dé bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 1842, ìjọba Spain ní Cuba gbé ìlànà jáde nípa bí olóko yóò ṣe máa tọ́jú ẹrú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní May àti ní December, kí wọ́n fún ẹrú ní ẹ̀wù àti ṣòkòtò aṣọ líle, fìlà kan àti ańkáṣíìfù kan. Ti December ni kí wọ́n fi ti òtútù kún. Lọ́dún kan, ẹ̀wù bayeta, aṣọ irun àgùntàn nìyẹn. Lọ́dún kejì, kúbùsù. Kí ẹ yé e dáadáa: ẹni tó gba ẹ̀wù lọ́dún yìí, kúbùsù ló máa gbà lẹ́ẹ̀mìíì, ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó lè rí ẹ̀wù mìíràn. December yẹn náà sì ni ìkórè ìrèké máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Cuba, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ìrèké sùn lóru. Èyí sì ni ohun tí ìwé sọ pé kí wọ́n fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ bí ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀ àti ohun tó dé ọwọ́ tálákà ṣe máa ń jìnnà síra wọn.

Ohun kan tún wà tó ń dà mí láàmú. Irun àgùntàn òyìnbó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà láyé àtijọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí. Ẹ̀yin àgbà mọ aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní òdòdó. Aṣọ irun àgùntàn láti Europe ni, tó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Aṣọ ọlá ni ní ààfin Benin, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀ ń fi irú aṣọ pupa yìí rán ẹ̀wù oyè. Lára ohun tí àwọn Potogí àti àwọn òyìnbó tó tẹ̀ lé wọn ń gbà ní etíkun Benin nígbà tí wọ́n bá kó aṣọ wá ni ata, eyín erin, àti ènìyàn. Ọba wọ irun àgùntàn pupa lápá ìhín, ẹni tí wọ́n tà wọ irun àgùntàn funfun lápá ọ̀hún. Oníṣòwò kan náà lè ní méjèèjì nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ti sọ pé màá dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn tó hun Negro cloth. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, àwọn oníṣòwò tiwọn náà rí i pé owó wà níbẹ̀. Ní Rhode Island, lókè níhà àríwá, níbi tí ẹrú fúnra rẹ̀ ti ń dín kù, ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ fún ẹrú ilẹ̀ gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn ọdún 1800. Láàárín ìgbà náà sí 1860, wọ́n ju 80 lọ. Irun líle tí wọ́n ń lò, wọ́n ń rà á láti Smyrna ní ilẹ̀ Túrkì àti láti Buenos Aires, nítorí ó rọjú ju ti ilé wọn lọ.

Ìdílé Hazard ní Peace Dale wà lára àwọn tó lókìkí jù. Wọ́n ń kọ̀wé sí àwọn olóko, àwọn olóko ń kọ̀wé padà pé aṣọ tọ̀tẹ̀ yìí tètè ya, tọ̀hún kò nípọn tó. Ẹ̀yìn ẹrú ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ yẹn. Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò ní owó, kò ní ẹ̀tọ́ láti yàn, síbẹ̀ ó ráhùn, ìráhùn rẹ̀ sì rìn títí ó fi dé etí ẹni tó hun ún. Ọ̀kan nínú ìdílé náà, Rowland G. Hazard, máa ń lọ sí New Orleans lọ ta aṣọ. Níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1841, ó rí àwọn adúláwọ̀ olómìnira láti àríwá tí wọ́n fi ipá mú, tí wọ́n so ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹrú. Ó jà fún wọn títí ọ̀pọ̀ wọn fi gba ìdáǹdè. Ẹni kan náà tó ń ta aṣọ fún àwọn tó ní ẹrú ni o. Mi ò mọ bí ó ṣe ń dá ara rẹ̀ lóhùn lóru, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni irú ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ sí nínú òwò.

Àwọn olóko gúúsù fẹ́ kí aṣọ náà rọjú, wọ́n sì ní ẹnu ní ìjọba. Nínú òfin owó orí ẹrù tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1832, wọ́n dárúkọ plains àti kerseys níbẹ̀ pé èyí tí iye rẹ̀ kò bá ju sẹ́ǹtì 35 lọ fún yáàdì kan níbùú lóròó, ìdá 5 nínú 100 péré ni kí wọ́n gbà lórí ẹ̀. Ti aṣọ irun àgùntàn tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ga gan-an. Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wí pé òfin ọjà ò kan ohun tí ẹnìkan ń wọ̀, ẹ wò ó.

Lẹ́yìn náà ni olùrà lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìdásílẹ̀ ẹrú lọ́dún 1833, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 1, 1834, nígbà tó sì di 1838 àwọn ẹrú West Indies bọ́ pátápátá. Ìjọba san mílíọ̀nù 20 páùn, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san án fún. Àwọn tó ṣe ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ti Amẹ́ríkà parí lọ́dún 1865. Láàárín ìgbà náà, ẹ̀rọ ńláńlá ní Yorkshire àti Lancashire ti ń hun lọ́jọ́ kan ohun tí àgbẹ̀ orí òkè ń fi odidi oṣù hun. Rhode Island lówó lọ́wọ́, wọ́n yí ọwọ́ padà. Peace Dale di ibi tí wọ́n ti ń hun ìborùn àwọn obìnrin olówó. Àgbẹ̀ Wales kò ní ibi tó máa yí sí. Wọ́n gbé òfì sí àjà, omi sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pandy tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Irun lásán ni wọ́n padà wá ń tà, bó ṣe wá láti ara ẹran.

Ó wá kan fídíò tí arákùnrin wa fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí òyìnbó yẹn ń ṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdánù ló ń ṣe é. Ní Wales àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, owó tí àgbẹ̀ ń san fún ẹni tó ń bá a fá àgùntàn sábà máa ń ju owó tó rí lórí irun náà lọ. Lọ́dún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ọjà burú débi pé àwọn kan dáná sun irun, àwọn kan dà á sí oko kó di ajílẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní láti fá a, torí bí irun bá pọ̀ lára ẹran nígbà ooru, eṣinṣin á yé sí i, ìdin á máa jẹ ẹran láàyè.

Nítorí náà, àgùntàn tiwa tí kò nílò fífá, owó kan ni kò ná ọ yẹn, arákùnrin. Ẹran ara rẹ̀ lọjà ẹ̀. Gbá ìgbẹ́ wọn jọ sápá kan nínú ọgbà, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò á rà á lọ́wọ́ ẹ lápò lápò. Fún wọn ní oògùn aràn kí òjò tó wọlé dáadáa. Àwọn àgbò tó o fẹ́ tà nígbà Iléyá, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn lọ́tọ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, má sì dúró de ẹni tó máa wá fi ojú díwọ̀n wọn fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ ọdún. Kọ iye àgbò tó o ní àti ọjọ́ orí wọn sísàlẹ̀ níbí. Mo mọ àwọn olùrà mẹ́ta kan tí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà.